Áńpílífáyà Tó Ń Fọn Níwájú Bàbá Elétí

Ẹnu òrofó ló ń pa òrofó. Bàbá Elétí mọ òwe yìí dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pa á fún àwọn oníbàárà tó bá ń ṣe ìlérí tó ju agbára wọn lọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ọ̀dà ṣì tutù lára ògiri, ó dìde dúró láàárín àwọn èèyàn. Ó ní bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá kúrò lọ́wọ́ òun, tó padà wá lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àìsàn kan náà, òun máa gbé áyọ́ọ̀nù tí òun fi ń jó wáyà pọ̀ kọ́ ara ìṣó, òun á sì lọ máa sùn lọ́sàn-án bí àwọn ẹgbẹ́ òun. Ó wá kan ìṣó náà mọ́ ògiri lójú gbogbo wọn. Ọdún kọkànlélógún nìyí, ìṣó ṣì wà níbẹ̀, ohun kankan ò tíì kọ́ ara ẹ̀ rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń tún áńpílífáyà ṣe, ìyẹn àwọn àpótí tó máa ń gbé ohùn gìtá sókè. Kì í ṣe ti ìsinsìnyí tó fúyẹ́ bíi páálí o. Àwọn ti àtijọ́ ni, àwọn onífáàfù, tí ìgò kéékèèké wà nínú wọn tí iná ń pọ́n nínú ìgò náà, tó jẹ́ pé bí o bá gbé ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ á sọ fún ọ lọ́jọ́ kejì. Ìdí tí wọ́n sì fi ń pè é ní Elétí ni pé láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń gbọ́ fáàfù tó ń ṣàìsàn. Wọ́n á tan ẹ̀rọ, Bàbá ò ní gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ sílẹ̀, á kàn ní, "Ìkẹta láti ọwọ́ òsì." Wọ́n á yọ ìkẹta láti ọwọ́ òsì, òun náà ni.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin ló ń bá a ṣiṣẹ́, ẹni tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó sì ti lo méjìlá níbẹ̀ nídìí tábìlì yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Bí ó bá sọ pé ẹ̀rọ kan á sọ̀rọ̀ kó tó di aago mẹ́rin, kí onítọ̀hún lọ máa múra sílẹ̀ ni. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ò ní torí wọn díbọ́n pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mò ń sọ yìí, Ọ̀gá Kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ̀. Ẹ̀gbọ́n bímọ, ó sì ti lo ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fọ aṣọ ọmọ. Ẹ̀yìn ilé ló gbà wọlé, torí pé ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ló fara ti ṣọ́ọ̀bù. Ó bá ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ ba kẹ́tùlù kan, ó ń fi wáyà ìfọkòkò ha ìdí rẹ̀ bíi pé kẹ́tùlù náà jẹ ẹ́ ní gbèsè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ó tún ti jó?"

"Ìkejì lọ́dún yìí rèé. Èyí tó ń fọn ni mo dìídì rà, pé bí omi bá hó, kó máa ké pe bàbá rẹ. Àná, mo gbé e kaná, mo ní kó bá mi wò ó. Ó jókòó tì í báyìí, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ kẹ́tùlù bó ṣe ń fọn, ó ń fọn, ó ń fọn, títí omi fi gbẹ." Ó fi kẹ́tùlù sílẹ̀. "Etí ikún ló ń kọ sí mi. Ọkùnrin yẹn ti pinnu pé ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ mi wá, òun ò gbọ́."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín."

"Ìwọ ni ìyàwó rẹ̀ ni?"

Ọ̀gá Kékeré gba ẹnu ilẹ̀kùn kékeré wọ ṣọ́ọ̀bù.

Kò tíì so épírọ́ọ̀nù rẹ̀ tán tí Ìka-Ò-Sinmi fi gbé áńpílífáyà wọlé. Onígìtá ni Ìka-Ò-Sinmi, òun àti Ọ̀gá Kékeré jọ lọ ilé-ìwé kan náà, kò sì sí ìgbà kan tí ìka rẹ̀ kì í lu nǹkan, bí kò bá rí gìtá, á lu orí tábìlì, bí kò bá rí tábìlì, á lu itan ara rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìka rẹ̀ dákẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ máà bínú. Ó tún padà dé."

"Kí ló ṣe é?"

"Ohun tó ṣe é lọ́jọ́rú náà ni. Ó ń fọn. Mi ò tíì fọwọ́ kan gìtá tó ti máa ń fọn. Mo ní eré lálẹ́ òní, ni mo fi ní kí n tètè gbé e wá."

Ọ̀gá Kékeré mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí. Lọ́jọ́ Ajé, kó tó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló fi tiransifọ́mà tuntun sí i, ìyẹn irin wíwúwo tó wà láàárín àwọn fáàfù àti sípíkà, torí pé ti tẹ́lẹ̀ ti jó. Kò dúró dán an wò, ọkọ̀ ń dúró dè é. Bàbá ló dán an wò tó sì gbé e fún olówó ẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ó ti padà wá lọ́jọ́rú, pé Bàbá pààrọ̀ fáàfù kan, pé ó tún gbé e jáde. Èyí wá ni ẹ̀ẹ̀kejì. Láìfẹ́, ojú rẹ̀ lọ sára ìṣó tó wà lára ògiri. Ojú Ìka-Ò-Sinmi náà lọ síbẹ̀.

"Kò sí ohun tó ń fọn nínú ẹ̀rọ yìí," Bàbá ní. "Tàn án."

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Wọ́n dúró kí fáàfù gbóná. Ìgbà tí iná wọn pọ́n dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà tín-ín-rín, ó ga, ó le, ó ń wọ orí èèyàn bí abẹ́rẹ́. Ọ̀gá Kékeré di ojú. Ìka-Ò-Sinmi ti ìka bọ etí méjèèjì. Bàbá Elétí kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún yìí wá, ó fara balẹ̀ gbọ́.

"Ó mọ́ tónítóní," ó ní.

Ọ̀gá Kékeré wo bàbá rẹ̀. Ó wò ó bóyá ó ń ṣe àwàdà, torí ó mọ̀ ọ́n ní aláwàdà. Kò sí àwàdà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi, irú èyí tí kò bà á rí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

"Bàbá," Ìka-Ò-Sinmi bẹ̀rẹ̀, "ẹ má bínú o, ṣé ẹ ò..."

"Lọ wo sípíkà ilé rẹ. Lọ wo gìtá rẹ. Bó bá ṣe pé etí tìrẹ ló ń fọn, lọ rí dókítà." Inú ti ń bí Bàbá. Ó mú fìlà. "Òjé tí a fi ń jó wáyà tán nílẹ̀, mò ń lọ rà á. Kí n tó dé, kí ẹ ti gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀ yẹn ní àgbọ́yé."

Bó ṣe jáde ni Ìka-Ò-Sinmi rọra sún mọ́ tábìlì. "Ṣé wọn ò gbọ́ ọ ni?"

"Fi bàbá mi sílẹ̀. Gbé àpótí yìí kí n ṣí ẹ̀yìn ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ọmọbìnrin yẹn mọ iṣẹ́. Ẹ̀rù tó bà á ò dé ọwọ́ rẹ̀. Ó mú igi rẹ̀, igi ìdí ṣíbí kan tó jí nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan fáàfù lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáàfù tó bá ti bàjẹ́, bí o bá fi igi kàn án, sípíkà á dá a lóhùn bí agogo. Ó kan ìkíní, ó kan ìkejì, ó kàn wọ́n tán. Kò sí èyí tó dáhùn.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," ó ní. "Ìka tó ṣẹ̀ ò sí láàárín àwọn yìí."

Ó yí gbogbo bọ́tìnì sórí òdo. Ó ṣì ń fọn. Ó yọ fáàfù àkọ́kọ́, èyí tí ohùn gìtá máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ó ṣì ń fọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, torí pé àìsàn ti ń fi ibi tó ń gbé hàn: kì í ṣe iwájú, ẹ̀yìn ni, lọ́dọ̀ tiransifọ́mà. Ó fi igi ti àwọn wáyà tó fara kanra kúrò lára ara wọn. Kò sí ìyàtọ̀.

"À á ti ṣe wá báyìí?" Ìka-Ò-Sinmi bi í. Ìka rẹ̀ ti ń lu itan.

"A ti ń ṣe é. Dúró."

Nínú irú ẹ̀rọ yìí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń mú díẹ̀ lára ohùn tó ń jáde lọ sí sípíkà padà wá sínú. Iṣẹ́ wáyà yìí ni kó máa sọ fún ẹ̀rọ pé kó rọra. Bí ìyàwó tó jókòó ti ọkọ rẹ̀ níwájú àlejò ló rí: bí ọkọ bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ jù, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ilé á tòrò. Àmọ́ bó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n so ẹ̀rọ náà sódì, wáyà kan náà á máa sọ pé, "Sọ síwájú sí i, ohun tó o ń sọ dáa." Ọkọ ò ní dákẹ́ mọ́ láé. Ọ̀gá Kékeré pa iná, ó fa iná mànàmáná tó kù nínú ẹ̀rọ dànù kó má bàa gbé e, ó fi áyọ́ọ̀nù jó ìdí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò, ó tún tàn án.

Ẹ̀rọ dákẹ́ lọ́ọ́lọ́ọ́.

"Ọlọ́run ò," ni Ìka-Ò-Sinmi wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àmọ́ Ọ̀gá Kékeré ò yọ̀. Ojú rẹ̀ ti wà lára wáyà méjì tó jáde látinú tiransifọ́mà tuntun náà, ìkan bíráùn, ìkan búlúù. Ó rí bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n bí ìwọ̀ ẹja kí wọ́n tó jó wọn. Òun nìkan ló máa ń tẹ wáyà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò yẹn. Ó gbójú sókè wo ara ògiri, níbi tí bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀dà funfun kọ òfin ilé: bíráùn sí fáàfù ọwọ́ òsì, búlúù sí ti ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti tẹ̀lé e bó ṣe wà. Òfin yẹn ò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ rí, torí pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ra tiransifọ́mà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti kógbá wọlé lọ́dún tó kọjá. Àwọn mìíràn ló ṣe èyí, ó sì jọ pé òdìkejì ni tiwọn.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo sọ ọ́ di báyìí."

"Ṣé ó le láti tún ṣe?"

"Kí n pààrọ̀ ẹsẹ̀ wáyà méjì ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ìka-Ò-Sinmi wo ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Pààrọ̀ wọn kí wọ́n tó dé. A ó sọ pé wọ́n jàre, kò fọn, sípíkà ilé mi ló bàjẹ́. Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan, ẹnu mi rèé. Bàbá á máa jẹ́ Bàbá Elétí wọn."

Ó dùn ún gbọ́. Ká sòótọ́, ó wù ú. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ju bó ṣe lè fẹnu sọ lọ, kò sì sí ohun tó fẹ́ ju pé kí ẹ̀rọ yìí jáde, kí ìṣó yẹn wà lófìfo. Àmọ́ ó rò ó síwájú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òmíràn á dé, á máa fọn, Bàbá á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á ní ó mọ́ tónítóní. Lọ́sẹ̀ kejì, òmíràn. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n á máa gbé tiwọn lọ síbòmíràn, òun nìkan ni kò ní mọ ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ni ò ní jẹ́ kí ará ìta ṣe irú ìyẹn síni.

"Rárá," ó ní. Ó jó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa fọn. Ó gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wá, èyí tó lọ́wọ́ bíi ti aago, ó so ó mọ́ ẹnu sípíkà, ó dúró de bàbá rẹ̀.

Bàbá wọlé pẹ̀lú òjé. "Ẹ ti gbọ́ ọ ní àgbọ́yé?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo mítà yìí."

Ó wọ dígí rẹ̀. Ọwọ́ mítà ti kúrò lórí òdo, ó dúró gbọn-in ní àárín.

"Ta ló ń ta gìtá?"

"Kò sẹ́ni tó ń ta á. Ó wà nínú àpò."

"Bọ́tìnì ńkọ́?"

"Gbogbo wọn wà lórí òdo."

"Kí wá ni gbogbo èyí tó ń jáde lọ sí sípíkà?"

Bàbá wo mítà, ó wo sípíkà. Ó gbé ojú sókè wo Ìka-Ò-Sinmi tó ti ti ìka bọ etí, ó wá wo ọmọ rẹ̀ tó fún ojú pọ̀ bí ẹni tó gé ọsàn kíkan jẹ.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń gbọ́ ọ."

"À ń gbọ́ ọ, Bàbá."

"Nísinsìnyí?"

"Nísinsìnyí. Kò tíì dákẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé."

Ó jókòó. "Mò ń gbọ́ ohùn rẹ ketekete," ó ní, bí ẹni tó ń jiyàn. "Mò ń gbọ́ ọkọ̀ lójú títì."

"Ẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ìyẹn. Èyí tó ga jù ni kò dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Ó dùn mí láti sọ ọ́ fún yín."

Ó mi orí. Ó yọ dígí, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn ọ̀gá ni. "Pa á. Ta ló so wáyà méjì yìí?"

"Èmi ni. Bó ṣe wà lára ògiri."

Ó tẹ orí ba tiransifọ́mà, ó ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lára rẹ̀, lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ ò kà torí pé ó ń sáré bá ọkọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Wò ó, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ni èyí ti wá. Òdìkejì ni wọ́n ń kun tiwọn. Ọwọ́ rẹ ló so ó, òfin mi ló rán ọwọ́ rẹ níṣẹ́, etí mi ló ṣílẹ̀kùn fún un kó jáde. Kò sí ẹni tó mọ́ nínú wa."

Òun fúnra rẹ̀ ló pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n tan ẹ̀rọ, fáàfù pọ́n, ọwọ́ mítà sùn sórí òdo, kò dìde mọ́. Ọ̀gá Kékeré fetí sí i dáadáa, ó ní, "Ó dákẹ́." Ìka-Ò-Sinmi fa gìtá yọ, ó sì tẹ́ ohùn sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó kún, ó gbóná, ó mọ́. Ìyẹn, Bàbá gbọ́ ọ. Ó di ojú, ó ń mi orí sí i.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," Ìka-Ò-Sinmi ní nígbà tó ta á tán, "t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

"Ìwọ gbé ẹrù rẹ, kó o máa lọ síbi eré," Bàbá ní. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó rí i bí Bàbá ṣe yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú iná, tó dúró kó tutù, tó wé wáyà rẹ̀ dáadáa, tó dìde, tó sì gbé e kọ́ ara ìṣó. "Mo sọ ọ́. Kò sí ẹni tó fipá mú mi sọ ọ́."

Ọ̀gá Kékeré sún mọ́ ìṣó náà. "Ta wá ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Ìwọ ni. Ta tún ni?"

Ó na ọwọ́ sókè, ó mú áyọ́ọ̀nù kúrò lára ìṣó, ó gbé e síwájú àga bàbá rẹ̀. "Mò ń wá òṣìṣẹ́ kan. Ẹni tó mọ wáyà, tó sì máa ń ka lẹ́tà wínníwínní kó tó so nǹkan. Mi ò bèèrè etí, etí wà nílẹ̀."

Bàbá wò ó títí. "Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ ti pẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Àmọ́ kò mú nǹkan kan. Ó ní, "Kí ni nǹkan mìíràn tí mi ò gbọ́ mọ́?"

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀. Ó wá rántí. "Kẹ́tùlù Màmá."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó máa ń fọn, Bàbá. Bí omi bá hó."

"Ìyá rẹ sọ fún mi pé ó ń fọn." Ojú rẹ̀ yí padà. "Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ ọ́. Mo rò pé ìjà ló kàn ń bá mi wá ni." Ó dìde, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn kékeré wọ ilé ìdáná.

Ilẹ̀kùn yẹn kì í padé tán. Ọ̀gá Kékeré gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀: "Ìyá Ọmọ, mi ò gbọ́ kẹ́tùlù yẹn rí." Lẹ́yìn náà, ohùn ìyá rẹ̀ dé, ohùn tí ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: "Mo ti rò pé èmi ni ẹ ò fẹ́ gbọ́ mọ́."

Ó gbọ́ omi tó ń dà sínú kẹ́tùlù. Ó gbọ́ àga tí wọ́n fà sún mọ́ ààrò. Ó mú àkísà àti kẹrosíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu òfin àtijọ́ kúrò lára ògiri, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Ó ti nù ún dé ìdajì nígbà tí kẹ́tùlù bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó kà á, ení, èjì. Kó tó dé ẹ̀ta, ó dákẹ́, ẹni tí kò lè gbọ́ ọ ti fojú rí èéfín omi, ó sì ti gbé e kúrò lórí iná. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ló bá padà sídìí ògiri tó ń nù.